Ẹni Tó Sọ Ajá Lórúkọ

Ibùdó Bàbá Àgbà,
Etí Odò,
Ìgbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà.

Ẹ̀gbọ́n mi Madeline,

Mo kí yín láti ibi tí èémí ti ń di yìnyín lórí irùngbọ̀n bàbá àgbà. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn? Mo gbà á ládùúrà kí ilé yín móoru, kí ìkòkò yín má gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì dùbúlẹ̀ àìsàn nínú yín. Èmi wà láàyè, ìka ọwọ́ mi sì pé. Ẹ má bínú pé ẹ ò gbọ́ ohùn mi látìgbà tí odò ti dì. Kò sí iná, kò sí fóònù, ẹ̀yin náà gbé ibí rí.

Ọjọ́ tí bàbá àgbà gbé ìbọn sórí tábìlì, tí wọ́n yí ìdí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ni mo tó mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni létí odò yìí kì í fi í yára sọ ọmọ ajá lórúkọ. Mò ń jẹun lọ́wọ́. Mo wo ìbọn, mo wo ojú wọn, gbogbo ohun tí mo ti ń fi ṣe ẹ̀rín láti ìgbà oòrùn sì yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. 

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà oòrùn tó kọjá, abo ajá kan bí ọmọ mẹ́fà sábẹ́ ilé. Inú mi dùn ju ti ìyá wọn lọ. Ẹ mọ̀ pé nítorí kí n lè kọ́ èdè wa ni mo ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀ wá bá bàbá àgbà. Ojoojúmọ́ ni mò ń kó ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni tó ń ṣa èso nínú igbó, mo sì wá rí ibi tí màá lò wọ́n sí. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé àwọn ọmọ náà lé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ wọ́n lórúkọ: Èéfín, Ìràwọ̀, Iná, Òkúta, Kannakánná. Èyí tó kéré jù nínú wọn bù mí jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, mo bá pè é ní Abẹ́rẹ́. Bàbá àgbà ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n tún ohùn mi ṣe lórí orúkọ kan tàbí méjì, wọ́n ní, “Gbogbo wọn lo sọ lórúkọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ó dáa. Tìrẹ ni wọ́n.” Mo rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n fún mi.

Lọ́jọ́ kejì ni Àǹtí Poldine wá kí wa láti ìsàlẹ̀ odò, níbi tí wọ́n ti ń dá gbé pẹ̀lú ajá wọn látìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín wọlé. “Ọmọ oníwèé, mo gbọ́ pé o bí ìbẹ́fà. Ọmú dà?” Mo bi wọ́n pé kí ni àwọn ọmọ ajá tiwọn ń jẹ́. Wọ́n ní, “Èyí ń jẹ́ Ìwọ. Ìyẹn ń jẹ́ Kúrò Níbẹ̀. Èyí tó jí ẹja mi kó ń jẹ́ Orí Ẹ Burú. Bí wọ́n bá fa ọkọ̀ orí yìnyín já ìgbà òtútù kan, a óò sọ̀rọ̀ orúkọ.” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, ọ̀lẹ ni mo pè wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹja tó máa ń gba odò wá lọ́dọọdún ò wá. A dúró títí ewé fi rẹ̀, omi kàn ń kọjá lófìfo ni. Igi tí a fi ń sá ẹja àwọn ajá dúró létí odò bí egungun ìhà. A ra ìrẹsì tí bàlúù gbé wá, ó tán. A pa ẹran odò onírù pẹlẹbẹ nínú tàkúté, a bó awọ rẹ̀, a se ẹran rẹ̀ fún àwọn ajá, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Àwọn ajá ò gbó mọ́ bí a bá jáde sí wọn. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ wa.

Ìgbà yẹn ni ìbọn dé orí tábìlì. Bàbá àgbà ní, “Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ lè fa ọkọ̀. Oúnjẹ ọmọ mẹ́ta ló wà. Òkúta, Èéfín àti Abẹ́rẹ́ kò sí nínú wọn.” Mo ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?” Wọ́n ní, “Ẹni tó sọ ajá lórúkọ ló ń mú un lọ sẹ́yìn igi. Ohùn tó fi kọ́kọ́ pè é ni ajá gbọ́dọ̀ gbọ́ kẹ́yìn. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, a kì í gbé e fún ẹlòmíràn ní ìdílé wa.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ti àwo mi sún mọ́ mi. “Jẹun tán ná. Ọwọ́ ẹni tí ebi ń pa máa ń gbọ̀n.”

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí pé okùn àyà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wọ̀ fún ajá tí wọ́n fẹ́ pa, bí ẹni pé ó fẹ́ lọ fa ọkọ̀? Bí Òkúta ṣe rí okùn náà lọ́wọ́ mi, ńṣe ló ń fò sókè. Ó ti orí ara rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó fà mí dé ẹ̀yìn igi ni, kì í ṣe pé mo fà á. Mo fún un ní ẹran díẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀, ó yíjú sí ọ̀nà igbó, ó ń dúró de kí n pàṣẹ pé ó yá. Mo di ojú nígbà tí mo yìnbọn. Ohun tí ojú dídì yẹn dá sílẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Nígbà tí ó kan Èéfín, mo la ojú mi.

Abẹ́rẹ́ ló kù. Ó kéré, kò lè fa nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ni ó ń sùn sí. Mo tan ara mi. Mo gbé e sínú ọkọ̀ orí yìnyín, mo gbé e lọ fún Àǹtí Poldine, mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú rẹ̀ títí ẹja yóò fi padà. Wọ́n wò mí bí ẹni pé iyè mi ti ra. Wọ́n ní, “Ajá tí ẹlòmíràn sọ lórúkọ, mi ò lè pa á, mi ò sì rí nǹkan fi bọ́ ọ. Kí ni kí n wá fi í ṣe? Kí n máa kọrin fún un?” Mo ní màá máa mú nínú oúnjẹ tèmi wá. Wọ́n ní, “So ó mọ́ igi yẹn. Ọrùn rẹ ló wà.” Mo so ó. Mo fi inú dídùn padà sílé, mo ń sọ fún ara mi pé mo gbọ́n ju àṣà lọ.

Kò pẹ́ tí Àǹtí Poldine fi wá. Okùn ọrùn Abẹ́rẹ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Ó gbọ́ òórùn oúnjẹ, ó já okùn, ó sáré wọ àárín àwọn ajá wọn lásìkò tí wọ́n ń jẹun. Ajá tí ebi ń pa kò mọ ẹ̀bẹ̀. Àǹtí Poldine fi igi lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya inú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò tilẹ̀ jókòó: “Òwúrọ̀ ni wọ́n fà á ya. Ó wà láàyè di ọ̀sán. Mo gbé ìbọn, mo tún gbé e kalẹ̀, torí èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mò ń pè é ní Abẹ́rẹ́, Abẹ́rẹ́, àmọ́ kì í ṣe ohùn mi ló ń fi ojú wá kiri. Nígbà mìíràn, ọmọ oníwèé, bó o bá ń ṣàánú, ṣe é délé.” Wọ́n ju okùn náà sílẹ̀, wọ́n lọ.

Bàbá àgbà kò bá mi wí. Wọ́n ti bó awọ Òkúta, wọ́n fi irun rẹ̀ sínú ìbọ̀wọ́ fún mi. Ó móoru gan-an. Òun ni màá wọ̀ nígbà tí mo bá ń gbé lẹ́tà yìí lọ fún Àǹtí Poldine, tí wọn yóò gbé e dé ibi tí bàlúù ń balẹ̀ sí.

Ó wá kan ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ṣúgà ṣì wà láàyè.

Ẹ lè má rántí ajá náà. Kò ríran mọ́, kò léyín, ìbàdí rẹ̀ kò gbé e. Ẹ̀yìn ààrò ló ń sùn, ibẹ̀ náà ló ń tọ̀ sí, tó bá sì fẹ́ yíra ó máa ń ké bí ọmọ ọwọ́. Bàbá àgbà ń jẹ ẹran lẹ́nu títí yóò fi rọ̀, wọ́n á wá fi ìka tì í sí i lẹ́nu. Ìdajì oúnjẹ wọn ló ń jẹ. Mo ti rò pé ìfẹ́ àgbàlagbà sí ajá tó ti ṣe aṣíwájú àwọn ajá wọn rí ni. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ti ru, Ẹ̀gbọ́n mi. Okùn ni wọ́n fi ń di ṣòkòtò báyìí. Wọ́n ṣubú níbi ihò tí a gbẹ́ sórí odò láti máa pọn omi, mo bá wọn lórí yìnyín, wọn ò lè dìde, wọ́n sì ń bú korobá bí ẹni pé òun ló taari wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ sí ọsibítù nílùú. Wọ́n ní, “Ta ni yóò jẹ ẹran fún Ṣúgà?”

Nígbà náà ni mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí.” Wọ́n ní, “Kì í ṣe tìrẹ.” Mo ní, “Ṣé tiyín ni?” Wọ́n ní, “Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni.”

Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún tí Màmá kó wa lọ. Ẹ máa ń fi ìka tọ́ ṣúgà inú tíì, ẹ óò fún un lá. Wọ́n ní ó sáré tẹ̀lé bàlúù wa lórí odò dídì títí kò fi rí i mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ó ti pẹ́ jù tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.” Wọ́n ní, “Mo mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo sọ pé ọmọ yẹn á padà. Bí mo bá jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn mú ajá rẹ̀ lọ, mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé kò padà mọ́ nìyẹn.” Títí di òní, bí bàlúù bá dún lókè, wọ́n á fi omi nu ojú, wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á dúró títí ìró rẹ̀ yóò fi tán. Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé ojú ọjọ́ ni wọ́n ń wò.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Àǹtí Poldine lọ. Wọ́n ń la igi, wọn ò dúró. Wọ́n ní, “Sọ ọ́ lórúkọ mìíràn. Orúkọ tuntun, ẹni tuntun ló ni ín. O mọ orúkọ ọ́ sọ, àbí o ò mọ̀ ọ́n?” Mo ní bàbá àgbà ńkọ́? Wọ́n fi àáké sílẹ̀ wò mí. “Àgbàlagbà yẹn yóò gbọ́ ìbọn, yóò mọ ohun tó dún. Bí kò bá gbọ́ ìbọn, ajá náà yóò jẹ ẹ́ tán. Mú ọ̀kan.”

Mi ò kọ èyí láti fi yín sẹ́wọ̀n ọkàn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín ò fún yín láyè, mo sì mọ̀ pé Màmá ò fẹ́ gbọ́ orúkọ odò yìí létí.

Kí ìgbà òtútù yìí má mú ẹnikẹ́ni lọ nínú wa. Kí ẹsẹ̀ Màmá padà sípò. Kí ẹ rí ẹni tí yóò fẹ́ràn yín, tí kò ní fi yín sílẹ̀ létí odò. Kí ọwọ́ yín má gbọ̀n lọ́jọ́ tó yẹ kó le.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ máa ń pọ̀n sẹ́yìn,
Effie.

Àfikún: Láàárọ̀ yìí, nígbà tí bàbá àgbà lọ gé igi, mo kúnlẹ̀ ti ajá náà. Mo pè é ní Oorun, ní èdè wa, orúkọ tó rọ̀ jù tí mo mọ̀. Kò gbé orí. Mo tún un pè, mo fi ẹnu kan etí rẹ̀, kò mira. Mo wá ní, “Ṣúgà.” Ó ju ìrù nílẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ tó ti fọ́ sí ọ̀nà odò, níbi tí bàlúù ń gbà wá. Okùn àyà rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo ti fi epo pa á kó lè rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí Àǹtí Poldine lè gbé èsì yín bọ̀ láti ibi bàlúù: ṣé kí n sọ fún bàbá àgbà pé ẹ ń bọ̀ wá mú un lọ fúnra yín, àbí kí n máa pe ajá yín ní Oorun títí yóò fi dá mi lóhùn?