Mi Ò Ní Da Oògùn Sínú Ọkọ̀ Tuntun

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí yín. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Ọkọ mi ṣì ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀.

Oògùn tí ẹ ní kí n máa pò mọ́ epo ọkọ̀ mi tuntun ti dé. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, mi ò ní lò ó. Lánàá, ọkọ mi ti ṣí táńkì, ó gbé ìgò oògùn náà dání, ni mo bá sáré jáde.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní ká dà á sí i."

Mo ní, "Ṣé ọkọ̀ náà sọ fún yín pé ara òun ò yá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Mo gba ìgò.

Àwọn tó ta ọkọ̀ náà ní epo tó mọ́ ti tó o. Bí nǹkan mìíràn bá bà á jẹ́, àwọn ò ní tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Agbẹ̀bí sì ni mí: aboyún tó ń rọbí ò lè dúró de ọkọ̀ tó dákú sójú ọ̀nà.

Màmá ní kí n má sọ fún yín, kó má baà dùn yín. Mi ò lè purọ́ fún yín. Ẹ má fi ìgò ránṣẹ́ mọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa bọ̀. Èmi ni mo máa wa ọkọ̀ náà wá pàdé yín.

Ọlọ́run á sin yín wálé láyọ̀.

Àbúrò yín obìnrin.