Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Ń Tà Ní Páàtì-Páàtì

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé onílé rẹ kò tíì tún fi kún owó ilé? Bí o bá béèrè wa, ara wa le, àfi orúnkún mi tó máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́ dìde, tí ti ìyá rẹ sì máa ń dá a lóhùn. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn yóò ṣọ́ ọ ní ìlú ńlá tí ilẹ̀kùn ti pọ̀ jù. Òrùlé ilé ìdáná tún ti ń jò, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ń gbà jò, a ti mọ ibi tí à ń gbé ìkòkò sí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á: mo kà á bíi bàbá, mo kà á bíi tíṣà, mo wá kà á bí ẹni tí wọ́n ti lù ní jìbìtì rí, ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. O ní kí n gba owó rẹ jáde, èyí tí ò ń fi sọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí o ti ríṣẹ́, tí o ní Bàámi, ọwọ́ mi ń jò, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, ẹ má fún mi àfi tí mo bá sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe tó sì yé yín. Ó dáa, o ti sọ ọ́, kò sì yé mi. O ní kọ̀ǹpútà ni, tí o máa fi ṣeré géèmù lẹ́yìn iṣẹ́, pé owó náà kò ká odidi, ìdí nìyẹn tí o fi fẹ́ rà á ní páàtì-páàtì kí o tò ó fúnra rẹ, àti pé bí oṣù yìí bá fi parí, ẹni tó ń ta èyí tó wọ́n jù nínú rẹ̀ máa fowó lé e.

Ọmọ mi, jókòó. Bóyá mi ò sọ ìtàn kẹ̀kẹ́ fún ọ rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà kékeré, owó oṣù mi kò tó kẹ̀kẹ́ rà. Ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ tutù bí omi àmù wá bá mi, ó ní òun lè máa tà á fún mi díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, táyà iwájú. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ẹtì, mo ti tò ó pọ̀, mo ti fi epo sí i, mo fi ìyangàn gùn ún lọ sí iléèwé. Ọ̀gá iléèwé wa dúró lẹ́nu géètì. Láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló ti ń fẹsẹ̀ rìn. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí, ó fọwọ́ kan agogo rẹ̀, ó sì rọra béèrè bóyá mo rí ibi tí òkúta ti ha á. Mo rí i. Bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ ọ̀gá mi lọ bá ọ̀gá mi nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí wọ́n bá ń tà ní páàtì-páàtì, mo máa ń béèrè ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nítorí rẹ̀. Nítorí náà, kí o tó náwó kankan, rìn yíká ibi iṣẹ́ yín, ka kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, kí o sì wo ti ọ̀gá rẹ dáadáa bóyá ó pé.

Mo mú gègé pupa, mo yẹ ohun mẹ́sàn-án tí o kọ sílẹ̀ wò. Mo rí àpótí onígíláàsì, mo rí fáànù mẹ́ta, mo pe ìyá rẹ, mo ní ọmọ wa ti gba ẹnìkan sílé. Ẹ̀rọ wo ló nílò fáànù mẹ́ta? Èmi àti ìyá rẹ, fáànù kan ṣoṣo la ní, ó sì ń mirí tọ̀sán-tọ̀sán bí ẹni tí kò gba ohun tí à ń sọ gbọ́. Ìyá rẹ ní bó bá ṣe ìyàwó ni, kí o mú un wá, inú ò ní bí òun. Mo ní kó ní sùúrù, ìwádìí ń lọ.

Mo tún rí i pé káàdì tó ń ya àwòrán fẹ́ gba ìdajì owó, ọpọlọ tó ń ronú kò rí tó ìdámárùn-ún, káàdì náà sì tún jẹ́ àlòkù. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ, mi ò fi máàkì ìṣirò fún àwòrán rí.

Mo bá gbé ìwé náà lọ bá ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lójú títì, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí pátákó rẹ̀ gùn ju ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, tó ń wọ kóòtù nínú ooru. Mo ti múra láti fi í rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ kóòtù, ó kà á. Ó ní Tíṣà Àgbà, ẹni tó kọ èyí mọ ohun tó ń ṣe, pé àwòrán ni géèmù ń jẹ, ooru àwòrán náà ni fáànù sì ń lé. Ó ní ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó: èyí tó ń pín iná fún gbogbo wọn, o lọ wá olówó pọ́ọ́kú. Ó ní bí ìyẹn bá jó, àwọn yòókù ló máa kó lọ. Ó tún ní kí o rí àlòkù yẹn kó ṣiṣẹ́ lójú rẹ kí o tó sanwó. Mo bi í léèrè iṣẹ́ tí iná aláràbarà tí o kọ gbẹ̀yìn ń ṣe. Ó ní ẹwà ni. Mo ní kí ni àpótí fẹ́ fẹwà ṣe, ṣé ó ń wá ọkọ ni? Mo fi gègé pupa fagi lé iná náà, mo gbé owó rẹ̀ sórí èyí tó ń pín iná.

Ni mo bá lọ sí báńkì. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ ìdí tí mo fi ń gbowó. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ. Mo rò pé wọ́n gbàgbé ni, mo tọrọ ìwé, mo kọ ọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ títí dé orí fáànù, ojú ewé méjì gbáko, mo fàlà sábẹ́ àkòrí. Ó kà á, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá kà á, àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń kùn. Ó wá ní Bàbá, ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ìlò ara ẹni. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó mọ̀ pé méjì nínú mẹ́wàá ni mo máa ń fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Owó ti wà nílé. Mo ti pín in sínú àpò ìwé mẹ́jọ, mo kọ orúkọ páàtì kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ, tí kò tíì bi mí ní ohun kan nípa kọ̀ǹpútà, béèrè lánàá bóyá ẹni tó fẹ́ to páàtì jọ rántí pé ó ti pé ọdún kan ààbọ̀ tí òun ti rí i kẹ́yìn. Mo wá ro ó pé ìwọ lo ní kí á rà á ní ẹyọ-ẹyọ, ẹyọ-ẹyọ náà ni owó máa jáde. Wá gba ti àkọ́kọ́. Kí oṣù tó parí, ti káàdì àlòkù la máa kọ́kọ́ nà sí ọ. Mẹ́jọ ni àpò, ìrìn mẹ́jọ ni. Ìyá rẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ, ó ní bí o bá sùn mọ́jú, kí n fún ọ ní méjì lẹ́ẹ̀kan.

Bí o bá ń bọ̀, mú owó awò ojú mi dání, ìwé rẹ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú ti lọ, àti owó páànù méjì fún ilé ìdáná. Ohun tí o bá tò, kò ní tú mọ́ ọ lọ́wọ́. Iná tí yóò jó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní ràn. Ọ̀nà tí o gbà lọ á mú ọ bọ̀.

Má gbàgbé kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ, kí o wò ó bóyá ó pé.

Èmi ni bàbá rẹ,
tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fẹsẹ̀ rìn títí dòní.