Íǹṣì Kan Tó Dín

Ilé Bàbá Jésùtómi,
Ọ̀nà Ìgbódìgò,
Òkìtìpupa,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Philemon, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Aníwúrà ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò ńkọ́, ṣé ojú ọjọ́ Sàpẹ́lẹ́ bá a lára mu? Àwa náà wà níbí, àbí kí n kúkú sọ pé èmi wà níbí, nítorí ìyá Jésùtómi ti lọ bá ọmọ wa tọ́jú ọmọ tuntun ní Àkúrẹ́ láti oṣù tó kọjá. Èmi nìkan ni mo ń dáná, èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́.

Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á kí o tó gbé e. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu mi, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

O rántí téèpù tí a fi ń wọn irin, èyí tí orí rẹ̀ já, tí a máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti íǹṣì kìíní. Ìwọ a di orí rẹ̀ mú, èmi a di ìdí rẹ̀ mú. Kí n tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, kí íǹṣì tó já yẹn má baà dín lára irin, wàá ti ní, "Fi kan kún un." Ọdún mọ́kànlá lo fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí o sọ ọ́ lójú oníbàárà wa ará Ìrẹ̀lẹ̀, mo bi ọ́ pé ṣé ọmọdé ni mí ni, mo ní láìsí ìwọ náà, màá gé irin mi. O rọra gbé téèpù sílẹ̀, kí oṣù yẹn sì tó parí, ẹ ti kó lọ bá ẹ̀gbọ́n Aníwúrà ní Sàpẹ́lẹ́.

Ìjọ wa ní kí n ṣe géètì tuntun. Mo farabalẹ̀ ṣe é, Philemon. Mo ra ọmọ ayùn tuntun, mo de irin mọ́lẹ̀ dáadáa, mo gé e ní ẹ̀yìn ìlà kí ẹnu ayùn má baà jẹ nínú ìwọ̀n, bí o ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Irin ìdábùú mẹ́fà, gbogbo ojú ibi tí mo gé gún régé. Nígbà tí a gbé géètì náà ró ní Sátidé, irin tí a fi ń tì í kò dé inú ihò rẹ̀. Íǹṣì kan ló dín. Ní ọjọ́ Àìkú, ewúrẹ́ kan fi orí tì í, ó sì rìn dé iwájú pẹpẹ nígbà tí a dijú ń gbàdúrà. Ìyá Ìjọ bi mí bóyá èmi àti Philemon kọ́ la jọ ṣe é.

Wọ́n ní ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dé orí. N kò mọ̀ pé irin náà wà lára ẹrù ọ̀hún.

Lánàá ni mo tún un ṣe. Mo fi òkúta tẹ orí téèpù mọ́lẹ̀, mo sì sọ ọ́ fúnra mi, "Fi kan kún un." Mo wo ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ dákẹ́. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì ní parọ́ pé èéfín ni. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Má bínú.

Bá mi kí Aníwúrà àti àwọn ọmọ. Jethro elépo pupa ní kí n kí ọ. Òun náà ló ń sọ fún mi pé téèpù tuntun wà lọ́jà, kí ló dé tí n kò rà á. N kò ní rà á. Bí mo bá rà á, kí ni wàá wá máa sọ fún mi nígbà tí o bá dé?

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì di ìdí téèpù mú,
Gbádégẹṣin.