Onílàjà Tó Dé sí Libreville

Libreville, Màásì 1964

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Èmi Èṣùbíyìí, gbẹ́nàgbẹ́nà yín, ni mo kọ ìwé yìí. Ara mi le. Victorin, ìwọ tí ò ń bá ìyá mi ka ìwé, rọra kà á fún wọn.

Àwọn ṣọ́jà ìlú yìí lé ààrẹ wọn kúrò. Inú àwọn ará àdúgbò dùn, wọ́n ní ayé yóò yí padà. Kò pé ọjọ́ méjì, àwọn ṣọ́jà Faransé fi bàlúù dé, wọ́n dá ààrẹ padà. Wọ́n ní ìjà làwọn wá là. Mo ń ru pákó lọ nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún; ibi tí ọta náà ti wá, n kò mọ̀.

Ọ̀gá mi ní àwọn Faransé gbà wá là. Ìyàwó rẹ̀ ní, ta ló pè wọ́n? Bí wọn ò bá wá ńkọ́, ṣé ìlú ìbá tòrò, àbí ìbá dàrú? Kò yé mi. Nílé wa, onílàjà ní í forí gbọgbẹ́. Àwọn onílàjà tí mo rí níbí, ara wọn ń dán.

Ẹ má ronú o, mò ń jẹun dáadáa. Àyùn mi tó wà lókè àjà, ẹ fún Ifáṣínà àbúrò mi, kó máa lò ó. Ẹ bá mi kí àwọn ará wa ní Lagbé. Ẹ forí jì mí, ìyá mi, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ìwé yìí kí yín.