Ojú Ìjórin Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta
Adájọ́ ti rí mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí — ẹjọ́ kì í tán lẹ́nu wọn. Àlòkù ni, aláwọ̀ eérú, tíṣà kan ló fẹ́ tà á. Wọ́n fẹ́ máa fi gbé àwọn ìbejì wọn lọ síléèwé. Wọ́n ní, "Ìwọ ni wàá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni mo tún ní tó mọ irin?" Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún
Ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ́ìlì mọ́. Bíréèkì dáa. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín, Adájọ́ ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sókè.

Ojú ìjórin — láti ẹnu ilẹ̀kùn kan dé ìkejì. Iwájú mọ́tò kan, ẹ̀yìn òmíràn, tí jàǹbá ti ba àwọn méjèèjì jẹ́, tí ẹnì kan so wọ́n pọ̀.

Èmi ni ẹni náà. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń jórin, ó máa ń dagun. Ibi tí mo bá parí sí, mo máa ń fi iná tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àmì kéékèèké mẹ́ta náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi àtijọ́ ló ní kí n ṣe é ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni.

Bí nǹkan bá gbá a lẹ́yìn, ibẹ̀ ló máa já. Ibẹ̀ náà làwọn ìbejì máa gbẹ́sẹ̀ lé.

Mo da kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Adájọ́ ní kí ló dé tí mò ń làágùn. Mo ní oòrùn ni.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà
Ẹ̀rù ń bà mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje
Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rí ju mẹ́rin lò. Mo pe Adájọ́, mo ní mọ́tò yẹn ò wù mí. Wọ́n ní kí ló ṣe é. Mo ní àwọ̀ ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ajé làwọn máa gbé e. Àwọn ìbejì ti ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sápá ọ̀tún.

Àwọ̀ ẹ̀! Ojo ni mí.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ
Mo lè sọ pé ẹlòmíì ló jó o. Mo dán irọ́ náà wò níwájú dígí. Ojú mi ò gbé e.

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo ká kápẹ́ẹ̀tì náà níwájú Adájọ́ àti tíṣà. Mo ní, èmi ni mo jó o. Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ — ọdún méjì ló ti ń fi mọ́tò náà gbé ìyá ẹ̀ lọ sọ́sibítù, kò mọ nǹkan kan.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹjọ́. Adájọ́ ò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n fi ìka tọ ojú ìjórin náà dópin, wọ́n wá rọra bi mí pé, "Mélòó lo jó báyìí?"

Mo ní méje.

"Mẹ́fà yòókù ńkọ́?"

Láti ìgbà tí mo ti délé ni mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo mọ́tò tó ń kọjá. Iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kò sí èyí tí ọmọ ò sí lẹ́yìn ẹ̀.