Ìkòkò Keje

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Olè ni mí. Ẹ̀rí ọkàn mi ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, níbi iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn wa, a rì gbòǹgbò ogójì irú bàrà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìkòkò tirẹ̀, bọ omi tí a po àrùn arọ-ewé mọ́, ká lè mọ èyí tí àrùn náà kò ní pa. Gbogbo wọn kú, títí kan èyí tí èmi ọ̀gá fi ń yangàn. Ìkòkò keje nìkan ló dúró. Ìyá Bàrà — orúkọ tí mo fún ọmọbìnrin tó wà lábẹ́ mi — ló rí i ní oko kan. Owú jẹ mí. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ó gbàgbé láti rì í ni. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí irúgbìn; ọdún mẹ́fà ló fi to fáìlì. Èmi kó hóró bàrà náà lọ sílé, mo ń gbìn ín lẹ́yìnkùlé, mo ń jẹ ẹ́.

Ó dùn. Ìyẹn ló burú jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Awakọ̀ ibi iṣẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì sọ fún mi: Ìyá Bàrà ti di ọ̀gá níbẹ̀. Àmọ́ bí bàrà kan kò bá bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà lóṣù yìí, wọn yóò ti ilé ọ̀rá tó fi ń dán irúgbìn wò pa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mo lọ kí i. Ó yíjú — mo ti ìkòkò bàrà kan láti ẹ̀yìnkùlé mi sáàárín tirẹ̀. Ṣé kì í ṣe ọgbọ́n àgbà nìyẹn? Kí bàrà yè, kí n kú bí ọmọlúàbí.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ọ̀gá, méjìlá ni mo tò. Ta ló bí ìkẹtàlá?"

Mo ní bóyá wọ́n ń gun ara wọn ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ewé náà títí.

"Ẹ ká apá aṣọ yín sókè. Ẹ̀yin lẹ máa rì í, lójú gbogbo wa. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo gbàgbé."

Mo rì í, omi náà ta sílẹ̀; òṣìṣẹ́ kan fò sẹ́yìn: "Ẹ má da àrùn sí mi lẹ́sẹ̀ o, bàbá!"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún
Tirẹ̀ ti ń rọ. Temi — tirẹ̀ náà ni — dúró ṣánṣán. Mo "ṣèèṣì" gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkọ Bàrà ni ọlọ́dẹ ń pè mí báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n
Méjìlá kú. Ọ̀kan yè.

Ó ṣí ìwé iṣẹ́. "Níbo ló ti wá? Kí ni kí n kọ?"

"Mo rà á lọ́jà" ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo gbé àpò hóró kalẹ̀, àti ojú ìwé tí mo ya nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: oko ẹni tó ti rí i, ọjọ́ tó rì í.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ wọlé, ó na ìwé náà sí mi.

"Ọ̀gá mi, ẹ kà á sókè fún wọn."

Mo kà á. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Lẹ́yìn náà mo fi ọwọ́ méjèèjì dá ìwé náà padà fún un.