Ìwé Ìhágún Bàbá Onítumọ̀ Àrùn sí Ọmọ Rẹ̀ Tó Wà Lókèèrè

Èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onítumọ̀ ní ilé ìkàwé ìṣègùn, ọkọ nọ́ọ̀sì tó ti dolóògbé, bàbá ọmọ kan ṣoṣo, ni mo jókòó fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ọpọlọ mi pé. Ojú nìkan ló ń ṣe mí bákan, ìyẹn kò sì ní kí n má mọ ohun tí mo ní àti ẹni tí mo fẹ́ fún. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi.

Àbúrò ìyá rẹ, káfíńtà, ni mo fi ṣe alámòójútó ogún mi. Kò fẹ́ràn ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti gbá mú kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkíní. Ilé tí mo ń gbé, pẹ̀lú àgbàlá àti kànga rẹ̀, di tìẹ, ọmọ mi.

Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Mo máa ń ṣí fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀, mo sì máa ń tì í nírọ̀lẹ́. Àwọn ará àdúgbò ní kí n fi ayálégbé síbẹ̀, kí n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo ní mo ti ní ayálégbé, ó kàn rìnrìn àjò ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ilé dákẹ́ ju bó ṣe wà kí wọ́n tó dé lọ.

Ìkejì. Ológbò di ti ìyàwó káfíńtà, bí ó bá gbà á. Ológbò yìí kò fẹ́ràn mi rí, ìyá rẹ ló ń bá ṣe. Àwa méjèèjì jọ ń jẹun báyìí, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnì kejì.

Ìkẹta. Taipuráítà mi, díńgí tí ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá, àti àpótí dúróà tí káfíńtà kàn fún wa, mo fún akọ̀wé obìnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ìwọ gan-an kò wọ yàrá iṣẹ́ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn dókítà máa ń kọ ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé wa. Àwa la ó yan ọ̀rọ̀ tí a ó fi tò ó, kí ẹni tó bá ń wá a lè rí i. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, káàdì kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀, kí àrùn méjì má baà máa bá ara wọn jà nínú dúróà kan. Gbogbo ohun tó bá ti mú ara gbóná ni aráyé ń pè ní ibà. Àwa la ó wádìí irú ibà wo. Bí àrùn kan bá ní orúkọ méjì, a ó kọ “Lọ wo” sí abẹ́ ọ̀kan, kí ó darí èèyàn sí èkejì. Ìyá rẹ gbé e wọlé, ó sọ ọ́ di àwàdà. Bí mo bá ń wá fìlà, yóò ní, “Fìlà: lọ wo abẹ́ ìrọ̀rí.” Bí ebi bá ń pa mí: “Oúnjẹ: lọ wo ìkòkò, kí o sì bu tèmi wá.”

Ìkẹrin. Àga méjì tó dojú kọra wọn nídìí tábìlì mi kò gbọdọ̀ pínyà. Ìwọ ni kí o kó wọn.

Òfin kan wà láàárín èmi àti ìyá rẹ, tó máa ń bá mi kọ káàdì lẹ́yìn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀: ẹni tó kọ ìtumọ̀ kò gbọdọ̀ kà á fúnra rẹ̀. Ẹnì kejì ni yóò kà á sókè, kí ẹni tó kọ ọ́ lè gbọ́ ohun tó kọ. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kan tábìlì, káàdì á wọ dúróà. Mo kọ nígbà kan pé ẹni tí wárápá bá mú yóò ṣubú. Ìyá rẹ kà á, ó ní, “Tó bá wà lórí ìjókòó tẹ́lẹ̀ ńkọ́?” Mo tún un kọ. Láti ìgbà tó ti lọ, mo ṣì ń kọ, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni bá mi kà á.

Ìkarùn-ún. Káàdì tí ìyá rẹ kọ gbẹ̀yìn di tìẹ.

Ọmọ mi, fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí o pe fóònù, tí o ní, “Bàbá, kí ló ń ṣe màmá mi gan-an?”, ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn rẹ̀ ti lọ tán. Ó ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n dúró. Ó mú káàdì, ó kọ ìtumọ̀ àìsàn ara rẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ mi, ó sì na ìka sí fóònù. Mo kà á fún ọ bí mo ṣe máa ń ka tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá: “Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun: kókó tó ń hù láìgbàṣẹ níbi tí ohùn ti ń jáde. Ó máa ń gba ohùn kó tó gba ẹ̀mí.”

O ké mọ́ mi. O ní, “Màmá mi ni mo béèrè, mi ò béèrè káàdì! Ẹ máa ka ìwé yín lọ.” O sì pa fóònù. Mo pè ọ́ padà, o kò gbé e. O wá síbi ìsìnkú, o dúró lápá kejì, o ti lọ kí n tó ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ. O rò pé ọkàn mi ló le. Kò le. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo ń jẹ́ fún ọ.

O kò jẹ́ kí n kà á tán. Èyí tó kù nìyí: “Kì í gba etí. Aláìsàn ṣì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ bá bá a sọ.”

N kò kọ èyí láti fi dá ọ lẹ́bi. Ta ni ì bá mọ̀? Mo kọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ohùn rẹ ló fẹ́ gbọ́, kì í ṣe tèmi.

Ìkẹfà. N kò so ilé mọ́ wíwá rẹ. Bí o bá wá, tìẹ ni. Bí o kò bá wá, tìẹ náà ni.

Agbẹjọ́rò tó ń bá mi tún ìwé yìí wò ní wọn kì í ka irú rẹ̀ fún ọmọ nígbà tí bàbá ṣì ń mí. Mo ní ẹni tó ti kú kò lè gbé fóònù. Nítorí náà mo pàṣẹ fún alámòójútó ogún mi pé kí ó má dúró de ikú mi. Kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ lónìí.

Mo fọwọ́ sí i ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Bàbá rẹ

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Agbẹjọ́rò, tí kò fọwọ́ sí irú èyí rí
Akọ̀wé obìnrin ilé ìkàwé

Alámòójútó ogún: Káfíńtà. Ẹ̀dà náà wà lápò mi, mo ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.